Omi Òjò fún Lọ́rì Ṣọ́jà

Ní ìlú wa, bí ènìyàn bá ní òun ní ọkọ̀, èyí tó ń lọ lórí omi ni gbogbo ènìyàn máa kọ́kọ́ rò. A kò ní títì. Ohun tí a ní ni afárá pákó tó so ilé mọ́ ilé, àti ilẹ̀ iyanrìn gbọọrọ kan láàárín òkun àti ọ̀sà, tó gùn láti ilé ìjọsìn dé ìsàlẹ̀ ìlú níbi tí àwọn apẹja ń fa ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ sí. Orí iyanrìn yẹn ni lọ́rì mi ń rìn. Lọ́rì àwọn ológun ni, ó fi díẹ̀ dàgbà jù mí lọ, mo sì ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ni. N kò rí ìdí mìíràn tí mo lè sọ.

Àwọn bàbá wa nínú ìjọ ni wọ́n rà á lẹ́yìn ogun abẹ́lé, nígbà tí àwọn ológun ń ta àwọn ohun èlò tí wọn kò lò mọ́. Wọ́n gbé e wá lórí omi, lórí báàjì, ọkọ̀ irin pẹlẹbẹ tó ń kó ẹrù wúwo. Nígbà náà ìjọ ní ilé-iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀, tí wọ́n ti ń hun aṣọ, tí wọ́n sì ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọwọ́. Lọ́rì náà ló ń fa ọkọ̀ tuntun láti ilé-iṣẹ́ lọ sí etí omi, òun náà ló ń kó gẹdú láti èbúté. Ní ọjọ́ ìkórè, wọ́n máa ń kó àwa ọmọdé sẹ́yìn rẹ̀, a ó máa kọrin lọ, a ó máa kọrin bọ̀, ìdí ń ro wá, inú wa ń dùn. Nígbà tí awakọ̀ tó mọ̀ ọ́n jù kú, wọ́n gbé e sẹ́yìn ilé-iṣẹ́, ibẹ̀ ló sì wà. Iyanrìn bò ó dé agbede-méjì taya. Ìtàkùn bo orí rẹ̀. Adìyẹ ń yé ẹyin sábẹ́ ìjókòó awakọ̀.

Inú ilé-iṣẹ́ ìjọ yẹn ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe kí wọ́n tó rán mi lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún méjèèjì. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni mo wá padà sídìí ẹ́ńjìnnì. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà, mo gé ìtàkùn kúrò, mo lé adìyẹ jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà. Àwọn apẹja tó ń kọjá kò jẹ́ kí n gbádùn. Ọ̀kan a ní, "Tíṣà, ìgbà wo ni títì ń bọ̀?" Èkejì a dá a lóhùn pé kò nílò títì, pé ẹ bi tíṣà léèrè bóyá lọ́rì rẹ̀ mọ omi í wẹ̀. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ ní òun dúpẹ́ pé irin ni, pé bí ó bá jẹ́ obìnrin ni mo ń wo lójú báyẹn ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun ì bá ti kó ẹrù òun.

Bí òkun kò bá dá sí i, bóyá bẹ́ẹ̀ ni ǹ bá máa ha ìpẹtà lọ títí.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ènìyàn máa rìn títí ẹsẹ̀ á fi máa ro ó kó tó dé etí òkun. Ní báyìí, ibi tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù ti di ibi tí ọkọ̀ ń gbà kọjá. Ìlà ilé kan lọ, òmíràn tẹ̀ lé e. Ìjọ yan àwọn ènìyàn kan láti máa mójú tó etí òkun, wọ́n sì fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe alága wọn. Ọmọ ìyá kan náà ni wá. Alàgbà ni nínú ìjọ, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ohun tó bá sì sọ kì í yí i padà. Òun ló ń gbé inú ilé tí bàbá wa kọ́. Nígbà tí bàbá kọ́ ọ, àárín ìlú ló wà. Ní àsìkò tí mò ń sọ yìí, òun ni ilé àkọ́kọ́ tí òkun máa bá bí ó bá wọlé.

Wọ́n pe ìpàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ni pé kí wọ́n to àpò iyanrìn sí etí òkun, kí wọ́n sì wá irin tó wúwo tì í lẹ́yìn kí omi má baà gbá a lọ. Wọ́n ka ohun tó wà nílẹ̀: báàjì àtijọ́ tó ti rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté, àgbá irin ńlá kan, àti lọ́rì. Báàjì rì jù, yóò ṣòro láti fà. Lọ́rì wà lórí ilẹ̀. Wọ́n ní kí á tì í dé etí omi, kí á kó iyanrìn kún ẹ̀yìn rẹ̀, kí á sì fi í sílẹ̀ fún òkun.

Mo dìde, mo ní mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní ẹ́ńjìnnì náà kò kú, ó kàn lẹ̀ mọ́ra ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní òun ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn níbi òkú. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí mi.

"Bí ó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé iwájú ilé ìjọsìn kí òkun ìgbà òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ru, kí ó máa wà," ló wí. "Bí kò bá rìn, ó ń lọ bá àwọn àpò iyanrìn."

Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Alàgbà, ẹ sọ pé ó ń lọ, kó parí."

N kò lè bínú sí wọn. Bí ènìyàn bá sùn nínú ilé ẹ̀gbọ́n mi lásìkò yẹn, yóò máa gbọ́ omi bó ṣe ń lu ẹsẹ̀ igi tí ilé dúró lé. Irin kan tí mo ń fi ṣeré, ó lè jẹ́ ohun tó máa dá omi dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń bẹ̀bẹ̀, ó sì mọ̀ pé mo mọ̀. Síbẹ̀ ó fún mi láyè. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sínú àdúrà, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí á fà á jáde nínú iyanrìn. Èyí kò ṣòro fún wa. Ọkọ̀ ìpẹja òkun wúwo, ojoojúmọ́ sì ni a ń fà á gòkè. A máa ń to igi róbótó tí à ń pè ní igi ìyírí sábẹ́ rẹ̀, a ó so okùn mọ́ ọn nímú, ẹnì kan á máa lé orin, àwọn tó kù á máa gbè é, wọ́n á sì fà nígbà tí orin bá dé ibi tó wúwo. Ẹnikẹ́ni kì í gba owó. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló máa se oúnjẹ. Mo kéde lẹ́yìn ìsìn, wọ́n sì wá, àwọn tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an ló pọ̀ jù. A wa iyanrìn, a to igi, wọ́n ki orin bọnu. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó jáde nínú kòtò, tí taya rẹ̀ kan ilẹ̀ tó le, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ fúnra rẹ̀, àwọn tó ń fa okùn sì ṣubú lé ara wọn. Bàbá arúgbó kan tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ pẹja wo taya lọ́rì náà dáadáa, ó yí i ká, ó ní, "Ẹ wò ó, ọkọ̀ tó gbé igi ìyírí tirẹ̀ dání." Pùpurù àti ọbẹ̀ ẹja tí ìyàwó mi sè tán pátápátá lọ́jọ́ náà.

Mo ṣí orí ẹ́ńjìnnì. Mo da dísẹ́ẹ̀lì àti ọ́ìlì sínú ihò kọ̀ọ̀kan, mo fi aṣọ dí wọn lẹ́nu, mo sì fi wọ́n sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, mo fi irin ìyí-ẹ́ńjìnnì bọ iwájú rẹ̀, mo gbé ara lé e. Kò mira. Mo padà wá ní Àbámẹ́ta kejì, kò mira. Ní ọjọ́ tó mira, ó mira bí ẹni tó ń yí padà lójú oorun, kò ju ìbú ìka kan lọ. Mo jókòó sórí iyanrìn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Igi ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹrà. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, a jọ kọ́ iṣẹ́ nínú ilé-iṣẹ́ ìjọ ni. Mo bẹ̀ ẹ́ kó kan ẹ̀yìn tuntun sí i. Ó kan án bó ṣe máa ń kan ọkọ̀: ó fá pákó títí ó fi dán, ó fi òwú dí àárín wọn, ó fi ọ̀dà rẹ́ ẹ. Ó rẹwà. Nígbà tó yá, òjò kan tí a kò retí rọ̀ láàárín ọ̀gbẹlẹ̀, kò sì rọ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀, ẹ̀yìn lọ́rì ti kún fún omi dé ẹnu, pẹ́pẹ́yẹ sì ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Mo ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ mi. Ó wò ó, ojú rẹ̀ tàn.

"Ṣé o rí i? Kò jò rárá."

Mo ní omi gbọ́dọ̀ jáde nínú lọ́rì, pé ti ọkọ̀ ojú omi ni kó má wọlé. Mo ní a máa lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí mo ti ń kan ọkọ̀," ló wí, "ẹnikẹ́ni kò tíì wá sọ fún mi pé kí n lu ihò sí ìdí rẹ̀. N kò ní bẹ̀rẹ̀ lórí tìrẹ."

Èmi fúnra mi ni mo lu ihò náà. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi títí mo fi ṣe é tán. Gbogbo omi òjò dáadáa yẹn sì ṣàn sínú iyanrìn lójú mi, n kò tilẹ̀ ronú láti gbé korobá sábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ ń lọ sópin, a gbé bátìrì ọkọ̀ ojú omi kan wá, mo fọ kàbúrétọ̀, mo pààrọ̀ wáyà, mo da epo bẹntiró sínú kẹ́ẹ̀gì kan tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nítorí pé táńkì rẹ̀ ti lu. Ó ku omi. Ẹ́ńjìnnì lọ́rì ní rédíétọ̀, àgbá pẹlẹbẹ kan níwájú rẹ̀ tí omi ń wà nínú rẹ̀ láti mú un tutù. Àwọn obìnrin ìjọ tó wá wòran gbé korobá, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀sà, wọ́n pọn omi wá, a dà á sí i. Kò sí ẹni tó ronú lẹ́ẹ̀mejì lórí rẹ̀. Ó gbóhùn ní ọwọ́ ọ̀sán. Èéfín rẹ̀ dúdú, ó ń wúkọ́ bí àgbàlagbà, ilẹ̀ sì ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Àwọn obìnrin gbé orin ọpẹ́. Ọ̀rẹ́ mi tó ń kan ọkọ̀ gbàgbé pé òun ń bínú sí mi.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, mò ń tan án ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, mò ń tún bíréèkì ṣe, omi tó bá sì dínkù nínú rédíétọ̀, a ó pọn òmíràn láti ọ̀sà dà á sí i. Lẹ́yìn náà ni mo pinnu láti wà á wò díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi àgbọn, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Mo wọ jíà, mo sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀. Ó gbéra. Ó rìn láti ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ dé ìdí igi àgbọn, kò sì kọjá ibẹ̀. Ooru funfun tú jáde níwájú rẹ̀ bí ìkòkò tó hó bọ́ sórí iná, omi gbígbóná ń dà sórí iyanrìn. Mo pa á. Ẹ̀gbọ́n mi dúró títí ooru náà fi rọlẹ̀, ó yí padà, ó lọ sílé.

Mo tú rédíétọ̀ náà kalẹ̀. Ó ti lu níbi púpọ̀. Nínú rẹ̀, ohun funfun kan ti dì mọ́ gbogbo ọ̀nà tí omi ń gbà, ó le bí ẹfun. Mo fi ìka ha díẹ̀, mo fi kan ahọ́n. Iyọ̀ ni.

Ìgbà yẹn ló wá yé mi. Gbogbo ẹ́ńjìnnì tí a mọ̀ ní ìlú wa, ìdí ọkọ̀ la so wọ́n mọ́. Bí wọ́n ṣe ń sáré ni wọ́n ń mu omi odò, bí wọ́n ṣe ń mu ún ni wọ́n ń tu ú jáde, omi náà kì í pẹ́ nínú wọn. Bí a bá dé láti òkun, a ó fi omi tó dára ṣan wọ́n, ó tán. Àmọ́ omi kan náà ni lọ́rì ń lò títí lọ. Á gbóná, á tutù, á tún gbóná, èyí tó bá sì gbẹ á fi iyọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Àti pé ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Nígbà tí omi odò bá fà, òkun máa ń wọ inú ọ̀sà dé ọ̀nà jíjìn, gbogbo wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í mu ún lásìkò náà. Omi tí a kò jẹ́ gbà sẹ́nu, òun la ti fi ayọ̀ dà fún lọ́rì ní korobá korobá, orin ọpẹ́ wà lẹ́nu wa.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá, mo gbé rédíétọ̀ náà lé itan bí ọmọ. Ẹni tó ń jó irin níbẹ̀ tú u, ó ha iyọ̀ kúrò, ó sì dí ojú ihò rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni. Mo ra omi ní kẹ́ẹ̀gì bọ̀. Nígbà tí mo dé ilé, mo fi omi náà ṣan inú ẹ́ńjìnnì, mo ṣan án títí ohun tó ń jáde kò fi ní ìtọ́wò iyọ̀ mọ́. Nígbà tí mo máa fi parí, kẹ́ẹ̀gì ti gbẹ. Ìkúùkù ti ń ṣú lójú òkun ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n òjò kò tíì rọ̀. Àgbá omi òjò tó wà nílé wa ti dé ìsàlẹ̀, èyí tí a ń mu ló kù. Mo yọjú wò ó. Ìyàwó mi ti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná rí mi.

"Èmi àti ìwọ la máa mu ìyẹn," ló wí. "Ẹni kẹta kò sí níbẹ̀."

Mo ní mo kàn ń wò ó ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo wà lábẹ́ lọ́rì nígbà tí mo rí ẹsẹ̀ ẹnì kan tó dúró. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni, n kò lè ṣì í mọ̀. Mo jáde. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì dání, ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀.

"Omi òjò ni," ló wí. "Láti inú táńkì mi."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un bó ṣe yẹ, mo ní ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n.

"Má tíì dúpẹ́. Bí kò bá rìn, òkun ni mo máa fún, òun àti omi tó wà nínú rẹ̀."

Mo bi í léèrè bí ilé ṣe ń ṣe. Ó ní ẹsẹ̀ ilé kan ti ń yẹ̀ lápá òkun. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ eyín tó ń dùn ún. Ó lọ.

Mo da omi náà sí i. Mo tan ẹ́ńjìnnì, mo fi sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ títí ọwọ́ aago tó ń tọ́ka ooru níwájú awakọ̀ fi dé àárín. Ó dúró síbẹ̀. Mo sọ fún àwọn àgbà pé ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, lẹ́yìn àdúrà, mo máa wà á dé iwájú ilé ìjọsìn. Wọ́n ní ó dára.

Òkun kò dúró de Àbámẹ́ta. Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú rẹ̀, a wà nínú ìsìn, a ń ka Bíbélì lọ́wọ́, nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tó ti padà sílé láti mú nǹkan, wọlé kíákíá, ó sì sọ ọ̀rọ̀ sí i létí. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó tẹrí ba síwájú pẹpẹ, ó jáde. Gbogbo wa ti ń gbọ́ òkun láti àárọ̀, a kàn ń gbé ohùn sókè jù ú lọ ni. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Láti ibẹ̀ mo rí i pé omi ti wà lábẹ́ ilé bàbá wa, ó ń wọlé, ó ń jáde, pákó iwájú ilé kan sì ti ṣí.

Ilé tiwa, pákó ni. Òkun ti lé àwọn bàbá wa kúrò níbi púpọ̀, nítorí náà a mọ bí a ṣe ń tú ilé kí omi tó tú u. A ó ṣí páànù, a ó yọ pákó lẹ́sẹẹsẹ, a ó kó wọn sínú ọkọ̀, a ó lọ kàn án sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ìgbì tó wà níwájú ilé lọ́jọ́ náà, kò sí ọkọ̀ tó lè dúró níbẹ̀, etí ọ̀sà sì jìnnà púpọ̀ fún ẹni tó máa ru pákó. Mo sáré lọ sẹ́yìn ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú aṣọ ìsìn lọ́rùn. Mo gbàdúrà kúkúrú kan. Mo tan án, ó gbóhùn.

N kò gba iwájú ilé ìjọsìn. Ẹ̀yìn ni ọ̀nà tó yá. Nígbà tí mo dé, àwọn ọkùnrin ti wà lórí òrùlé, wọ́n ń ṣí páànù. Ẹ̀gbọ́n mi dúró nínú omi dé orúnkún, ó ń gba pákó lọ́wọ́ wọn. Ó rí lọ́rì. Ó ní kí n yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí ilé, kí n má jẹ́ kí taya kan omi.

A kó páànù, a kó pákó, a kó àwọ̀n àti irin tí ìyàwó rẹ̀ fi ń yan ẹja, a kó àpótí aṣọ. Mo kó ti àkọ́kọ́ lọ sẹ́yìn ilé-iṣẹ́ níbi tí ilẹ̀ ti ga, mo padà, mo kó òmíràn. Nígbà kan, taya ẹ̀yìn wọ inú iyanrìn rírọ̀, ó ń yí, kò lọ. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti gbé igi ìyírí dé, wọ́n ti so okùn mọ́ ọn nímú, ẹnì kan ti lé orin. Mo jókòó sídìí ọkọ̀, ojú mi kò kúrò lára ọwọ́ tó ń tọ́ka ooru. Àárín ló wà. Orin dé ibi tó wúwo, mo tẹ epo, wọ́n fà, ó jáde.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi gbé kẹ́yìn ni ilẹ̀kùn. Bàbá wa ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ. Kò gbà kí a tò ó mọ́ pákó. Ó gòkè sẹ́yìn lọ́rì, ó gbé ilẹ̀kùn náà dúró, ó dì í mú, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe lọ. Mo ń wò ó nínú dígí: ọkùnrin kan nínú aṣọ funfun tó ti rẹ, tó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí kò ní ilé. Nígbà tí oòrùn máa fi wọ̀, ẹsẹ̀ ilé nìkan ló kù nínú omi. Kò sí ẹni tó farapa. Mo ṣì ń dúpẹ́ fún ìyẹn.

Wọ́n ṣe ìpàdé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ti sọ níjọ́sí pé kí lọ́rì lọ tún gbé ọ̀rọ̀ dìde, pé a ti jọ fi ẹnu kò lórí iwájú ilé ìjọsìn, pé lọ́rì kò sì tíì dé iwájú ilé ìjọsìn títí di òní. Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

"Ilé mi ló dé," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ báàjì."

Wọ́n sọ̀rọ̀ báàjì. Ó gba gbogbo ìlú àti ọkọ̀ púpọ̀ kí a tó fà á jáde, lọ́rì sì fa nínú rẹ̀. Ó wà ní etí òkun báyìí pẹ̀lú àpò iyanrìn. Ó ń ran wá lọ́wọ́ díẹ̀. N kò ní purọ́ pé ó ti dá òkun dúró. Láti ìgbà náà, mo ti fi lọ́rì kó ilé àwọn ẹlòmíràn, àwọn apẹja kò sì bi mí léèrè títì mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì ń béèrè bóyá ó ti mọ omi í wẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ilé rẹ̀ sẹ́yìn ilé-iṣẹ́, kò jìnnà sí ibi tí lọ́rì ń sùn. Ilẹ̀kùn bàbá wa ló kàn sí iwájú rẹ̀. Ìtọ́jú irin létí òkun kò lópin: bí mo bá ti wà á, mo gbọ́dọ̀ fi omi tó dára wẹ abẹ́ rẹ̀, kí n fi ọ́ìlì pa á, kí n wo rédíétọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi páànù ṣe ojú ọ̀ṣọọ̀rọ̀ sí etí òrùlé rẹ̀, ó gbé àgbá kan sábẹ́ rẹ̀, ó ní ti lọ́rì ni, kí ìyàwó ẹnikẹ́ni má bù nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn àdúrà, á bu omi náà sí korobá, á gbé e wá. Kó tó jẹ́ kí n dà á, á ti ìka bọ̀ ọ́, á fi kan ahọ́n. Ó ní kì í ṣe pé òun kò gbẹ́kẹ̀ lé òjò, tíṣà lòun ń ṣọ́.